Omi Tí Kì Í Gbẹ ní Gangare

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Àbújá ni pé n kò rí arúgbó kankan. Ní Ìsẹ́yìn tí mo ti wá, èèyàn kò lè rìn dé ìdí kànga kí ó má kí àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ilé, kí onítọ̀hún sì bi í pé ọmọ ta ni. Ní Àbújá, títì fẹ̀ lọ salalu, ilé ga, ògiri mọ́, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Mo jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láti lọ ra búrẹ́dì, mo rìn títí, n kò pàdé ẹni tí mo lè kí. Nígbà tó yá, mo rí ọlọ́dẹ kan lẹ́nu géètì, mo sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, "Ẹ kú ọ̀sán o, sà." Ọkùnrin náà wò mí bí ẹni tó rí òkú tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Sànnu." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Màámi pè mí lọ́jọ́ náà.

"Ṣé o ti jẹun? Ṣé àwọn ará ibẹ̀ ń kí ọ?"

Mo ní wọ́n ń kí mi gan-an, pé wọn kò jẹ́ kí n gbádùn.

Iṣẹ́ ló gbé mi dé ibẹ̀. Wolé-wolé ni mí, ẹni tí ìjọba gbà pé kí ó máa wo inú ṣáláńgá olówó àti tálákà. Ní ilé, àwọn èèyàn máa ń sá wọlé tí wọ́n bá rí wa. Ní Àbújá, ọ́fíìsì tí mo bọ́ sí kì í wo ṣáláńgá ẹnikẹ́ni. Àwọn ló ń ya àwòrán bí ìlú yóò ṣe máa fẹ̀ sí i. Ẹnìkan lókè ló sọ pé ó tó àsìkò kí òṣìṣẹ́ ìlera kan máa bá wọn jókòó, kí ó máa bi wọ́n pé: bí ẹ bá fa ọ̀nà gba ibí, bí ẹ bá kọ́ ilé sí ọ̀hún, ta ni yóò rí omi mu, ta ni yóò ṣàìsàn? Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà mí. Wọ́n fún mi ní àga. Wọn kò fún mi ní tábìlì.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Sàní, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ Hausa tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni, tó fẹ́ràn rúlà àti pẹ́ńsù bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn súìtì. Ó ti kọ́ orúkọ iṣẹ́ mi lẹ́nu mi. Bí mo bá ti wọlé láàárọ̀, á ní, "Kai, wolé-wolé! Whose toilet today?" Gbogbo ọ́fíìsì á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó wà lájò tí kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò pa á.

Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wa. Ilé jẹ́ pupa, ọ̀nà jẹ́ dúdú, ibi tí koríko àti igi yóò wà jẹ́ àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn Apo, nísàlẹ̀ ẹ̀sítéètì ńlá kan, àwọ̀ ewé gbòòrò kan wà. Mo bi Ọ̀gá Sàní ní ohun tó wà níbẹ̀.

"Park," ni ó wí. "Trees. Nothing dey there."

Ṣùgbọ́n Apo ni mo gba yàrá sí, láàárín ariwo òòlù àwọn mẹkáníìkì, mo sì máa ń rí èéfín tó ń gòkè láti apá ibẹ̀ láràárọ̀. Igi kì í dáná.

Mo lọ wò ó lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́. Gangare ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lédè Hausa. Àwọn Gbàgyí, onílẹ̀ Àbújá, ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti awakọ̀ láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti ilẹ̀ Okun wá bá wọn, àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn kọ́ Àbújá tí Àbújá kò sì ráyè gbà wọ́n sílé. Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ti lọ, ilẹ̀kùn wà ní títì, ọyẹ́ sì bo òòrùn débi pé n kò rí òjìji ara mi nílẹ̀. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọdé níwájú, mo sì ń tọ ẹ̀rín náà lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, kò sí ọmọ kankan. Omi ni mo bá.

Ìsun omi kékeré ni, tó ń yọ lábẹ́ àpáta. Wọ́n fi bíríkì yí i ká, wọ́n sì gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́ féfé. Lórí bíríkì, wọ́n to súìtì, bisikíìtì, àti bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan. Mo ṣì ń wo bàtà náà nígbà tí ẹ̀rín náà tún dún. Inú ilẹ̀ ló ti ń wá.

Èmi tí eku ti sáré kọjá lórí ẹsẹ̀ mi nínú ṣáláńgá tí n kò kígbe, gbogbo irun ara mi dìde lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ sá.

"Má bẹ̀rù," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi. "Wọ́n ń ṣeré ni."

Màmá kan ni, ó gbé báàfù aṣọ ìdọ̀tí lórí. Ìyá Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ará Okun, alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ fún àwọn ará ẹ̀sítéètì òkè. Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀, wọ́n jọ wá nígbà tí Àbújá ṣì jẹ́ igbó, ọkọ sì ti kú. Rónkẹ́ ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Gwagwalada, ó sì kó àwọn ọmọ tì í.

Ó sọ báàfù kalẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fi ilé hàn àlejò. Ó ní nígbà ọyẹ́, gbogbo kànga Gangare ló máa ń gbẹ, àwọn mẹ́rúwà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti omi kiri a sì máa ṣe yàǹgà fún wọn. Ṣùgbọ́n omi yìí kò gbẹ rí.

"Nígbà wo ló yọ, mà?"

"Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé òkè yẹn tán ni. Ọlọ́run ló fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Ó tún dára fún aṣọ. Ọṣẹ díẹ̀ ló ń gbà. Nígbà mìíràn, á máa hó bí ọṣẹ fúnra rẹ̀."

Mo ki ọwọ́ bọ omi náà. Omi ilẹ̀ máa ń tutù nígbà ọyẹ́. Èyí lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ìyá Rónkẹ́ kò rí ojú mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sídìí àpáta, ó sì ń pè, ohùn rẹ̀ dùn bí ti ẹni tó ń jí ọmọ lórí ẹní. "Àṣàkẹ́ o! Àṣàkẹ́, ọmọ mi!"

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti abẹ́ ilẹ̀, ohùn ọmọbìnrin kékeré kan dáhùn.

"Ma!"

Màmá náà yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ojoojúmọ́ ló ń dá mi lóhùn. Nígbà tó wà láyé, kì í gbọràn tó báyìí."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ni ikú ọmọdé. Àgbà kì í sin ọmọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni yóò gbé e lọ, wọn á padà wá láì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Òbí kì í bèèrè, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ fún un, kí ó má baà lọ sọ ibẹ̀ di ilé. Mo fara mọ́ àṣà yìí ní ilé, àánú ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Gangare, ó ti di nǹkan mìíràn. Ìgbẹ́ gbuuru ló pa Àṣàkẹ́, ọmọ-ọmọ Ìyá Rónkẹ́, ní ọdún tó ṣáájú, àwọn ọmọ mìíràn náà sì ti bá a lọ. Àwọn ìyá tí kò mọ ibojì ọmọ wọn gbọ́ ẹ̀rín ọmọdé lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì gbà pé ibẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ ibi tí ibojì wà kò lè la ẹnu sọ pé kì í ṣe ibẹ̀. Ni wọ́n bá ń gbálẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ń pọn omi ibẹ̀, wọ́n ní omi àwọn ọmọ ni, ìbùkún wà nínú rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Màámi lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni ó wí, "ohùn tí a kò bá rí ẹni tó ni ín, a kì í dá a lóhùn. Kúrò níbẹ̀."

"Màámi, iṣẹ́ mi ni."

"Ilé ni wọ́n ní kí o máa wò. Wọn ò ní kí o máa wo abẹ́ ilẹ̀. Máa bọ̀ nílé."

N kò lọ. Àsìkò ọdún dé, gbogbo Àbújá kó lọ sílùú wọn, ìlú sì ṣófo bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde. Iná ojú títì ń tàn fún ẹni tí kò sí. Èmi tí n kò rí àyè lọ ń rìn kiri, ìró bàtà mi ń tẹ̀lé mi. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi dé Gangare, mo sì bá àwọn èèyàn níbẹ̀, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń kí ara wọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò lọ sílé. Obìnrin kan ní, "Ta la fẹ́ fi àwọn ọmọ tì?" Mo ronú sí i púpọ̀ lẹ́yìn náà. Àwa tí à ń gbé nínú yàrá tí ìjọba mọ̀, àlejò ni wá. Ẹni tí òkú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ kan ti di ará ibẹ̀, wọn ìbáà fi àwọ̀ ewé kùn ún lórí ògiri.

Lẹ́yìn ọdún ni àwọn tó ni ẹ̀sítéètì òkè gbé àwòrán wọn wá sí ọ́fíìsì wa. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé kún ilé. Ọ̀gá Sàní ní kí n bá òun lọ wo ibẹ̀. Ibi ìṣeré ọmọdé kan wà lẹ́yìn ilé wọn, ó ní jangirọ́fà àti koríko tútù. Níbẹ̀ ni mo ti rí ọmọbìnrin kékeré kan tó dojú bolẹ̀, tó fi ẹnu lé ihò kan tí ọmọrí rẹ̀ ti sán. Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ pè é ní Tífẹ́, mo sì fi Yorùbá bi í pé, "Kí lò ń ṣe níbẹ̀, ọmọ dáadáa?"

Ó gbọ́ mi yékéyéké, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn. "I'm talking to Grandma."

"Grandma wo?"

"The one inside the hole. She's always calling one person like that, and the person is not answering her. So me, I said ma."

Mo jókòó tì í lórí koríko. Gbogbo rẹ̀ yé mi lẹ́ẹ̀kan náà: ihò ìdọ̀tí wọn, páìpù tó gba abẹ́ òkè lọ, omi tó gbóná nígbà ọyẹ́, ọṣẹ tó ń hó fúnra rẹ̀. Ibi tí ohùn bá lè gbà, ìgbẹ́ náà lè gbà á.

Mo fa Ọ̀gá Sàní sẹ́yìn, mo sọ fún un. Ó pe máníjà ẹ̀sítéètì. Máníjà ní rárá o, kòtò olókùúta tó wà nínú ọgbà àwọn ni páìpù náà parí sí, pé kò sì sí ẹnikẹ́ni nísàlẹ̀ òkè, kí a wo àwòrán. Ọ̀gá Sàní wo àwòrán. Gbogbo wa la mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, àwòrán nìkan ni kò mọ̀.

"Wolé-wolé, I believe you," ni ọ̀gá mi wí nínú ọkọ̀. "But what will I tell them? That a hole is talking?" Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun yóò fọwọ́ sí àwòrán wọn kí ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àgbà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, ilé tuntun gbogbo yóò máa da ìdọ̀tí sínú páìpù kan náà, Gangare yóò sì máa mu ún. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ọ̀sán, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbà.

Èyí tó kù ni kí n sọ fún Ìyá Rónkẹ́, ó sì nira fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo bá a níwájú ilé, ó gbé Tọ́pẹ́, àbúrò Àṣàkẹ́, sórí ẹsẹ̀. Ojú ọmọ náà ti jìn wọ inú. Ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti àná. Màmá rẹ̀ àgbà ń po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi fún un bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe kọ́ wọn, omi ìdí àpáta náà ló sì fi ń pò ó.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Omi yẹn ló ń pa wọ́n."

"Omi ọmọ mi?"

"Omi ilé ìgbẹ́ àwọn ará òkè ni. Aṣọ wọn tí ẹ ń fọ̀, omi ìdọ̀tí wọn lẹ fi ń fọ̀ ọ́."

Ó gbé ojú sókè. "Ẹni tó ń dá mi lóhùn ńkọ́?"

Mo sọ ti Tífẹ́ fún un.

"Ó ní òun ni Àṣàkẹ́?"

"Rárá, mà. Kò purọ́. Ó gbọ́ pé ẹ ń pe ẹni tí kò dáhùn, àánú yín ló ṣe é."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá sàn fún mi. Ó da omi inú ife sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dà á tán pátápátá, ó sì ní, "Máa lọ." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi pe Àṣàkẹ́ nídìí àpáta lẹ́ẹ̀kan péré lọ́jọ́ tí ọ̀gá mi yóò wá. Ó gbé ọmọ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbé omi inú ọ̀rá tí mo rà sẹ́nu ọ̀nà fún Tọ́pẹ́, mo lọ sí yàrá mi ní Apo, mo sì sunkún bí ọmọdé. Mo kórìíra ìmọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Mo kórìíra Àbújá pẹ̀lú.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá Sàní dúró lẹ́bàá ihò náà, ó ká àwòrán sábẹ́ apá. Máníjà dúró tì í, ó ń wo aago. Tífẹ́ àti ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, jangirọ́fà kò mì, ihò náà sì dákẹ́ bí ihò. A dúró títí.

"Madam," ni máníjà wí, "your ghost don go break?"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ohùn náà fi jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

"Ìwọ ọmọ tó wà lókè."

Ọ̀gá Sàní fò sẹ́yìn, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Tífẹ́ ti dojú bolẹ̀. "Ma!"

"Kì í ṣe ìwọ ni mo ti ń pè látọjọ́ yìí. Àṣàkẹ́ ni mò ń pè. Àṣàkẹ́ ti kú. Omi ilé yín ló mu. Má bínú o, ọmọ mi. O ṣeun tí o ń dá mi lóhùn."

Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Ọ̀gá Sàní yíjú sí mi pé kí ni ó wí. Tífẹ́ ló dáhùn, ọmọ tí kì í fi Yorùbá sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fi ń ka ìwé ní kíláàsì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Máníjà kò wo aago mọ́.

Ọ̀gá Sàní bi mí pé èèyàn mélòó ló wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀.

"Wọn ò sí lábẹ́ ilẹ̀, sà," ni mo wí. "Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, bíi tiwa."

Kò fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ohun gbogbo dára lọ́jọ́ kan. Ìjọba kì í sáré. Ṣùgbọ́n kí òjò tó dé, wọ́n ti gé páìpù náà, wọ́n darí rẹ̀ síbòmíràn, wọ́n sì rọ kọnkéré dí ẹnu rẹ̀. Wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé Gangare. Ara Tọ́pẹ́ yá. Wọ́n sì fún mi ní tábìlì.

Ọ̀gá Sàní fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́jọ́ kan láti fi Gangare sórí àwòrán. Ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, àwọn èèyàn yí i ká, oníkálukú ń nawọ́ sí ilé rẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù kùn ún ní pupa. Ó fa ọ̀nà mọ́tò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, tààrà bíi rúlà rẹ̀, kí ọkọ̀ aláìsàn lè ráyè wọlé. Inú gbogbo èèyàn dùn, wọ́n ń pariwo. Ìyá Rónkẹ́ ti ń dúró lẹ́yìn. Ó wá síwájú, ó dojú kọ Lékan, bíríkìlà kan tó wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń gbé àwọn ọmọ lọ. Ó bèèrè ohun tí òbí kì í bèèrè, ó sì bèèrè rẹ̀ sókè ketekete.

"Lékan, ibo lẹ sin Àṣàkẹ́ sí?"

Ariwo dákẹ́. Obìnrin kan ní, "Ìyá Rónkẹ́, èèwọ̀ ni o." Ìyá Rónkẹ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Mo ti fi ohùn ọmọ ọlọ́mọ sin tèmi tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ fún mi."

Lékan wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹnu júwe ìdí igi mángòrò kan, ó ní àti Àṣàkẹ́ àti àwọn yòókù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Àwọn ìyá mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọ̀gá Sàní bi mí ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún un. Ó wo igi náà, ó wo àwòrán rẹ̀. Ọ̀nà mọ́tò rẹ̀ gba ìdí igi náà gan-an kọjá. Ó bọ́ fìlà, ó sì tọrọ rọ́bà ìparẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà náà wà níbẹ̀ báyìí, ọ̀dà sì wà lórí rẹ̀. Ó ń lọ tààrà, títí tí yóò fi kan igi mángòrò náà, níbi tó ti ṣẹ́ kọ́nà lójijì láì nídìí. Àwọn awakọ̀ tí kò mọ̀ máa ń bú ẹni tó ya ọ̀nà náà, wọ́n ní ọ̀mùtí ni. Mo máa ń wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn nígbà mìíràn, n kì í sì í sọ nǹkan kan.